Adájọ́ Tó Kọ́ Bí A Ṣe Ń Dákẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ọkọ mi ní Adájọ́, ẹ kàn lọ jókòó sórí àga rẹ̀, kí ó ta aṣọ funfun yẹn lé yín láyà, kí ó sì gbé abẹ sẹ́yìn etí yín. Onígbàjámọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: dígí gbọọrọ kan, àga méjì tí awọ wọn ti bó, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró, àti fèrèsé tó kọjú sí títì. Ibẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹni tó bá ìyàwó rẹ̀ jà, ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ kò kí mọ́, ẹni tí ará ilé kejì da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo wọn á máa rò ó fún un bó ṣe ń gẹ irun wọn, òun náà á sì ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọn irun kúrò lára aṣọ. "Ìwọ lo jẹ̀bi," á ní, "lọ bẹ̀ ẹ́." Ta ni yóò bá a jiyàn? Èèyàn kò lè mi orí nígbà tí abẹ bá wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí àwọn ọmọ bá ń jà nílé lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á ti dájọ́ kí n tó sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Bí èmi àti òun bá sì jà, òun náà ni olùpẹ̀jọ́, òun náà ni adájọ́, òun náà ló sì máa ń jàre.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àdúgbò wa ní àwọn fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ ìlàjà, kí ìjà tọkọtaya àti ìjà ará ilé má baà máa dé àgọ́ ọlọ́pàá, òun lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ. Orí rẹ̀ wú. Ó ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ òun nípa ìjà pípẹ̀tù sí, ṣùgbọ́n òun á lọ, kí òun lè bá wọn kọ́ àwọn yòókù. Mo lọ aṣọ rẹ̀ fún un, ó fín lọ́fínńdà, ó sì jáde. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Kíláàsì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ní gbogbo Sátidé, lórí àwọn àga kéékèèké tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí. Ó ní orúnkún òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n òun. Ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọsibítù ló ń kọ́ wọn, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo èèyàn ṣì ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré. Wọ́n ní níbi ìlàjà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tọrọ àforíjì, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ dárí ji ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì, bí ẹni pé òun gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí, tí ẹnìkejì sì gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Bí kò bá tíì gbà, kí wọ́n tún un sọ. Iṣẹ́ onílàjà kò ju kí ó rí i pé wọ́n ṣe é, kí ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

"Kí ni mo wá fẹ́ máa ṣe níbẹ̀ nígbà náà?" ọkọ mi bi mí nígbà tó délé.

"Ẹ máa jókòó," mo ní, "bí àwọn èèyàn yòókù ṣe ń jókòó."

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa fi ilé dánra wò. Áà, ojú mi rí nǹkan. Mo ní, "Bàbá, ẹ tún ti ju táwẹ̀lì tútù sórí bẹ́ẹ̀dì." Ó fa àga, ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni pé inú ń bí ẹ nítorí táwẹ̀lì." Mo ní, "Ta ló sọ fún yín pé inú ń bí mi?" Ó ní, "Mo gbọ́. Inú ò bí ẹ." Mo ní, "Ẹ gbé táwẹ̀lì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì!" Ó ní, "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, àbí kí n tún un sọ?" Ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ló kó o yọ.

Ẹnì kan wà ní kíláàsì yẹn tí ọkọ mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ọmọbìnrin kan ni, tí kò ju ọmọ wa àgbà lọ, tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ńlá kan. Onífóònù ni wọ́n ń pè é. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì ń fi ìjà ṣeré láti fi kọ́ ara wọn, òun ni Nọ́ọ̀sì máa ń yìn. Ọkọ mi ní kò mọ nǹkan kan, pé àìlọ́rọ̀ lẹ́nu lásán ni. Mo ní kí òun náà gbìyànjú àìlọ́rọ̀ lẹ́nu fún ọjọ́ kan, kí gbogbo wa lè sinmi.

Nígbà tó yá, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìjà gidi kan láti parí, Nọ́ọ̀sì á sì jókòó lẹ́yìn máa wò wọ́n. Ìyá àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan ni wọ́n gbé fún ọkọ mi. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ọmọ náà ń gé pákó lọ́sàn-án, ìyá náà ń fi igi ìgbálẹ̀ lu ògiri, wọ́n ń bú ara wọn láti ojú fèrèsé. Adájọ́ gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó kọjú sí káfíńtà, ó ní, "Ṣé ìyá yìí ò lè bí ẹ lọ́mọ ni? Bẹ̀ wọ́n kíá." Káfíńtà bẹ̀bẹ̀. Ìyá náà ní òun ti gbọ́. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí, omi tíì tí wọ́n gbé kaná kò tíì hó. Ọkọ mi wá yíjú sẹ́yìn kí Nọ́ọ̀sì lè pàtẹ́wọ́ fún un.

Nọ́ọ̀sì kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Nítorí pé ó kéré lọ́jọ́ orí lọmọ yẹn ṣe bẹ̀bẹ̀. Ẹ ò tíì mọ ohun tó ń dun ẹnikẹ́ni nínú wọn."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìjà náà ti bú jáde padà, igi ìgbálẹ̀ sì ti fọ́ dígí fèrèsé káfíńtà. Onífóònù ni wọ́n wá gbé ẹjọ́ náà fún. Ó mú àwọn méjèèjì jókòó, ó ní kí kálukú sọ tẹnìkejì. Ibẹ̀ ni káfíńtà ti kọ́kọ́ gbọ́ pé òru ni ìyá náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣọ́ àwọn aláìsàn, pé ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Ó ní òun rò pé wọ́n kàn kórìíra òun ni. Ìyá náà sì rò pé ọmọ náà mọ̀, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Láti ọjọ́ náà, ó di ìrọ̀lẹ́ kí pákó tó kan ayùn.

Nọ́ọ̀sì sọ fún ọkọ mi pé kò ní lè jáde pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tuntun. Ó wọlé lọ́jọ́ náà, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Mo ní, "Ẹ pa á tì, jàre. Ẹ ṣáà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ní àwọn oníbàárà yín." Ó wò mí, ó ní, "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń dájọ́ fún àwọn èèyàn. Mélòó nínú wọn ló tún lọ bá ara wọn jà nígbà tí wọ́n kúrò lórí àga mi?"

Nígbà tí kíláàsì tuntun bẹ̀rẹ̀, ó padà lọ sórí àga kékeré yẹn. Kò fín lọ́fínńdà. Ní ṣọ́ọ̀bù náà, nǹkan yí padà. Bí oníbàárà bá rojọ́ tán, tó ń dúró de ìdájọ́, á bi í pé, "Ká ní ìyàwó ẹ ló jókòó síbí, kí ni yóò sọ?" Àwọn kan bínú, wọ́n ní irun làwọn wá gẹ̀, àwọn ò wá gba ìbéèrè, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn lọ. Àwọn kan dákẹ́ títí tó fi gẹ irun wọn tán. Lójoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́ pé ó padà lọ sí kíláàsì yẹn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tèmi.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí. Àǹtí ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀lé wọn, Àbíkẹ́yìn sì ni ọkùnrin kan ṣoṣo. Màámi ti dàgbà, ojú wọn ti di bàìbàì, ọ̀dọ̀ Àǹtí ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí fẹ́ jáde, wọ́n ní kí Àbíkẹ́yìn wá dúró ti Màámi. Kí Àǹtí tó dé, Màámi ti ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì ti ṣẹ́. Ní ọsibítù, lójú gbogbo èèyàn, Àǹtí nàka sí Àbíkẹ́yìn, wọ́n ní, "Ìwọ lo fẹ́ pa Màámi fún mi."

Ó bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ó tún lọ bẹ̀bẹ̀ nílé. Èmi fúnra mi mú un lọ bẹ̀bẹ̀, àbúrò Màámi náà mú un lọ. Gbogbo ìgbà ni Àǹtí ń sọ pé àwọn ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn, Àbíkẹ́yìn kò dé ilé Àǹtí mọ́. Màámi kúrò ní ọsibítù, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń béèrè pé, "Àbíkẹ́yìn ńkọ́?" Àǹtí á ní ó wà níbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la wà tí Àbíkẹ́yìn fi rí iṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ó pè mí, ó ní ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọkọ̀ òun ń lọ, òun á wá kí mi, ṣùgbọ́n òun ò ní lè dé ilé Àǹtí, kí n bá òun kí Màámi.

Oorun kò kùn mí. Mo mọ iye ọdún tí Màámi ti lò láyé. Bí ó bá lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè má fojú kan ara wọn mọ́ láéláé, gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn á sì ti já sí asán. Mo tọ ọkọ mi lọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó wá bá wa parí rẹ̀.

Ó ní òun kò lè ṣe é.

Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Mo ní, "Adájọ́! Gbogbo ayé lẹ ti dájọ́ fún, ó wá kan ìyá tèmi, ẹ ní ẹ ò lè ṣe é?" Oníbàárà tó wà lórí àga rọra rì sínú aṣọ funfun. Ọkọ mi gbé abẹ sílẹ̀. Ó ní, "Àna mi ni wọ́n. A kì í làjà nínú ilé ara wa, òfin Nọ́ọ̀sì mìíràn nìyẹn. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, àbúrò ẹ á tún bẹ̀bẹ̀ nítorí tèmi, kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Ta ló máa wá ṣe é?"

Ó tún gbé abẹ, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Onífóònù."

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọmọ náà lábẹ́ àtẹ̀gùn, òun náà ló lọ bá Àǹtí. Àǹtí fárí gá. Wọ́n ní, "Ọmọ àná yìí ló fẹ́ wá parí ìjà fún èmi?" Ọkọ mi, ẹni tí mo mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, wo ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ." N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àǹtí náà kò gbọ́ ọ rí, bóyá ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà nìyẹn.

Pálọ̀ wa ni a ti ṣe é, ní ọ̀sán Sátidé. Àǹtí jókòó sórí àga gígùn, wọ́n gbé báàgì wọn lé ẹsẹ̀ bíi pé wọ́n ti fẹ́ máa lọ. Àbíkẹ́yìn jókòó sítòsí ilẹ̀kùn. Onífóònù gba àpótí kékeré tí mo máa ń jókòó lé ní ilé ìdáná. Àwọn méjèèjì gbà kí n wà níbẹ̀, bí mo bá ti lè panu mọ́. Ọkọ mi bọ́ síta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń lé àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Àbíkẹ́yìn kò jẹ́ kí ìjókòó gbóná. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má bínú..."

Onífóònù na ọwọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì ní bẹ̀bẹ̀ níbí."

"Kí ló tún kù?" ni Àǹtí wí. "Mo ṣáà ti dárí jì í."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an ni òun."

Àǹtí mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Èmi ni Àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní kí n máa wo Màámi. Mo jókòó, mò ń tẹ fóònù, Màámi dá wọ balùwẹ̀, wọ́n ṣubú."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Rárá," ni Àbíkẹ́yìn wí. Láti ìgbà tí a ti bí i, mi ò gbọ́ kó sọ rárá fún Àǹtí rí. Àǹtí gbé báàgì wọn sílẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ títí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rántí ìlérí mi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. "Màámi ní àwọn fẹ́ wẹ̀. Mo gbé omi kaná, mo pò ó, mo dì wọ́n mú dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo fẹ́ wọlé, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ọkùnrin kò ní rí ìhòòhò àwọn. Wọ́n ní kí n yíjú sí ògiri, mo yíjú sí ògiri. Mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Mò ń bi wọ́n pé ṣé kò séwu, wọ́n ń ní kò séwu. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ìró." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Èmi ni mo wọ aṣọ fún wọn nílẹ̀ níbẹ̀ kí n tó pariwo pe àwọn èèyàn. Wọ́n ń jẹ̀rora, wọ́n ń bẹ̀ mí pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé mo rí àwọn bẹ́ẹ̀. Mo sì ṣèlérí."

Onífóònù yíjú sí Àǹtí. Ó ní, "Ẹ bá wa tún un sọ, mà."

"Èmi ni Àbíkẹ́yìn," ni Àǹtí wí. Ohùn wọn ti yí padà. "Màámi ní kí n yíjú sí ògiri. Mo ṣe ohun tí wọ́n wí. Mo gbọ́ ìró..." Wọ́n dúró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. "Mo wọ aṣọ fún ìyá mi. Mi ò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ní mo fẹ́ pa ìyá mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àbíkẹ́yìn wí. "Bó ṣe rí nìyẹn."

Ó wá kàn án. Ó ní, "Èmi ni Àǹtí. Mo jáde, mo dé, mo bá ìyá mi nílẹ̀, inú bí mi."

Àǹtí mi orí. "Ó kù," wọ́n ní. Wọ́n fi etí gèlè nu ojú. "Láti ìgbà tí ojú Màámi ti di bàìbàì, mi ò jáde lọ ṣe nǹkan tara mi rí. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ. Lọ́jọ́ náà, mo lọ dirun. Irun lásán. Ara tù mí débi pé mo sùn lọ lórí àga onídìrí, mo pẹ́. Nígbà tí mo dé, ara mi ni mò ń bínú sí. Ìwọ lo dúró síbẹ̀, ìwọ ni mo nàka sí."

Àbíkẹ́yìn gbìyànjú láti tún un sọ. "Èmi ni Àǹtí. Ó ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí oorun sùn..." Kò lè parí rẹ̀. Ẹkún gbé ọ̀rọ̀ mì. Àǹtí ní, "Bó ṣe rí nìyẹn," wọ́n ní kó má wulẹ̀ parí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ àforíjì. Mo rò pé Onífóònù á béèrè, kò béèrè. Àǹtí dìde, wọ́n gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n ní, "Màámi ò tíì wẹ̀ lónìí. Dìde, ká lọ."

Mo bá ọkọ mi lórí àtẹ̀gùn, ibi tó jókòó sí náà ló ṣì wà. Ó wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe kọjá lára rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo ní, "Adájọ́, ẹ ò béèrè ẹni tó jẹ̀bi?" Ó ní, "Ṣebí wọ́n jọ jáde." Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni." Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà rí lórí oríṣiríṣi nǹkan, ti ọjọ́ náà ló jinlẹ̀ jù, nítorí ohun tí kò sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Onífóònù náà, ó ní kí n má ṣèyọnu, pé ẹnì kan ń dúró de fóònù rẹ̀, ó sì sáré lọ. Ọkọ mi ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ báyìí. Òun àti ọmọ náà jọ ń kọ́ àwọn tuntun ní Sátidé, ẹjọ́ káfíńtà ló sì máa ń kọ́kọ́ rò fún wọn, kò fi ibi kankan pamọ́.

Lọ́jọ́ ìlàjà náà, mo tẹ̀lé Àǹtí àti Àbíkẹ́yìn dé ilé Àǹtí. Màámi jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀. "Ta nìyẹn?" "Èmi ni, Màámi," ni Àbíkẹ́yìn wí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi wá ojú rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa á lórí. "Irun ẹ kún báyìí? Ṣé ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ kì í gẹrun mọ́ ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, Àǹtí sì bú sẹ́kún.

Àǹtí gbé omi lọ sí balùwẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì ló bá Màámi wọlé, èmi di táwẹ̀lì mú lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí ń bu omi, Àbíkẹ́yìn di apá Màámi mú.

"Ṣé o ti dijú?" ni Màámi bi í.

"Mo ti dijú, Màámi."

"Dì í dáadáa. Kí o sì dì mí mú."

"Mo dì yín mú, Màámi."

Ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa mọ̀, Màámi náà sì ti gbọ́. Ó dúró síbẹ̀ lójú dídì, omi ń ta sí i lára, kò sì fi apá wọn sílẹ̀ títí omi fi tán nínú garawa.